Ohun Tí Ń Fọ Aṣọ Kọ́ Ní Ń Fọ Kábúrétọ̀

Ní òru kan nínú oṣù Ààwẹ̀, bí ìyàwó mi ti fẹ́ gbé oúnjẹ sààrì kaná, iná mànàmáná lọ ní àdúgbò wa ní Kubwa. Mo fa okùn jẹnẹrétọ̀ kékeré wa títí apá fi ń ro mí, kò dáhùn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọmọkùnrin mi ti tú kábúrétọ̀ rẹ̀, ó sọ ọ́ sínú abọ́ nínú ilé ìwẹ̀, ó sì da bílíìsì tí a fi ń fọ aṣọ funfun lé e lórí. Nígbà tí ó rí i pé ìdọ̀tí náà kò ṣí, ó fi oògùn ìfọ ilé ìyàgbẹ́ kún un. Ikọ́ rẹ̀ ni a gbọ́ tí a fi sáré dìde. A fà á jáde síta, a sì ṣí gbogbo fèrèsé. Ọpẹ́lọpẹ́ pé kò ti ilẹ̀kùn mọ́ra.

Èmi kò bá ọmọ náà wí, nítorí ohun tí a kò kọ́ ọ ni kò mọ̀. Bí bílíìsì bá pàdé oògùn ilé ìyàgbẹ́ tó kan, tàbí fínígà, tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́, afẹ́fẹ́ olóró tí a ń pè ní kilorínì ni yóò jáde. Afẹ́fẹ́ yìí kan náà ni àwọn ọmọ ogun Jámánì tú sí àwọn ọ̀tá wọn ní Ypres, ní ilẹ̀ Bẹ́líjíọ́ọ̀mù, ní ọjọ́ 22 oṣù kẹrin ọdún 1915. Ẹ má ṣe pa wọ́n pọ̀ láéláé.

Kí a tó mú ohunkóhun fọ kábúrétọ̀, ẹ jẹ́ kí a mọ irú ìdọ̀tí tí ó wà níbẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti po epo bẹntiróòlù mọ́ afẹ́fẹ́ ní ìwọ̀n tí ẹ́ńjìnì ń fẹ́. Epo ń gba inú ihò tín-ín-rín kan tí ó wà nínú jẹ́ẹ̀tì kọjá. Bí ihò náà bá dí, jẹnẹrétọ̀ kò ní ṣiṣẹ́, tàbí kí ó máa kú ní kété tí a bá ti ṣí ṣóòkù.

Ìdọ̀tí kìn-ín-ní ni oje epo tó ti pẹ́, ó pọ́n, ó sì ń lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́. Ní òpin oṣù karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo, lítà kan kúrò ní iye tí kò tó 200 náírà, ó di 537 náírà ní Abuja. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ilé ni ó ń pa jẹnẹrétọ̀ tì fún oṣù kan tàbí méjì. Èyí tó fúyẹ́ nínú epo inú rẹ̀ yóò fẹ́ lọ, èyí tó kù yóò sì dì. Epo ní í fọ epo: kẹrosíìnì ni kí ẹ fi rẹ ẹ́. Bí kẹrosíìnì kò bá ká a, ẹ ra oògùn kábúrétọ̀ alágolo tí àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ń tà.

Ìdọ̀tí kejì funfun bí ẹfun tàbí kí ó ní àwọ̀ ewé. Omi inú epo ló ń fà á. Ní oṣù kejì ọdún 2022, àjọ NMDPRA kéde pé mẹ́táńọ́ọ̀lù pọ̀ ju ìwọ̀n lọ nínú epo kan tí wọ́n kó wọ Nàìjíríà. Irú ọtí bẹ́ẹ̀ a máa fa omi mọ́ra, a sì máa jẹ irin. Fún èyí, ẹ po fínígà mọ́ omi lọ́gbọọgba, kí ẹ rẹ ẹ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15, kí ẹ fi omi ṣàn án dáadáa, kí ẹ sì sá a gbẹ. Bí ó bá pẹ́ jù nínú fínígà, irin fúnra rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ.

Bílíìsì àti sódà tí a fi ń se ọṣẹ kò yẹ kábúrétọ̀ rárá. Àwọn tó ń se ọṣẹ mọ̀ pé a kì í fi ìkòkò àlùmíníọ́ọ̀mù se é, nítorí sódà yóò lu ìkòkò. Àlùmíníọ́ọ̀mù yìí náà sì ni wọ́n fi ń ṣe ara kábúrétọ̀. Ọṣẹ lúbúlúbú àti omi gbígbóná dára fún ọ̀rá ara rẹ̀ lóde nìkan. Oògùn tí a fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́ a máa ba rọ́bà àti ike jẹ́.

Nígbà tí ẹ bá ń ṣe é, kí ẹ́ńjìnì ti tutù, kí ẹ ti ẹnu epo, kí ẹ sì wà ní gbangba, jìnnà sí iná àti sìgá. Ẹ yọ rọ́bà àti ike kúrò kí ẹ tó rẹ ẹ́. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́. Ẹ má ṣe ki abẹ́rẹ́ bọ ihò jẹ́ẹ̀tì, kí ó má baà fẹ̀. Fọ́nrán kan ṣoṣo láti inú wáyà iná tó. Ẹ fi páǹpù kẹ̀kẹ́ fẹ́ ẹ, ẹ má ṣe fi ẹnu fẹ́ ẹ. Abọ́ tí ẹ lò kò gbọdọ̀ padà sí ilé ìdáná, ẹ má sì ṣe tọ́jú kẹrosíìnì sínú ìgò ohun mímu tí ọmọdé lè gbé mu.

Ṣùgbọ́n ìdènà sàn ju àtúnṣe lọ. Bí ẹ bá mọ̀ pé yóò pẹ́ kí ẹ tó tún tan jẹnẹrétọ̀ yín, ẹ ti ẹnu epo nígbà tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́, kí ó jó èyí tó wà nínú kábúrétọ̀ tán fúnra rẹ̀. Ìta ni kí ó sì máa wà nígbà gbogbo, jìnnà sí fèrèsé, nítorí èéfín rẹ̀ ń pani.

Ní ilé wa, ọmọkùnrin náà ni ó ń fọ kábúrétọ̀ títí di òní. Kẹrosíìnì ló ń lò, ìta ló sì ń jókòó sí. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.