Ta Ni Yóò Kó Ìwé Tiwa Síbẹ̀?

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa kan, ọ̀gbẹ́ni kan dìde, ó na fóònù rẹ̀ sókè, ó ní, "Ẹ wo ilé-ìkàwé tèmi! Ẹni tó bá tún ń gun àtẹ̀gùn lọ sí ilé-ìkàwé láyé òde-òní, ẹsẹ̀ ló ń yún un." A rẹ́rìn-ín, a pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé yàrá mi, ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi, nítorí mo rántí pé ìwé tí mo ti fi oṣù mẹ́ta wá kiri kò sí nínú fóònù ọ̀gbẹ́ni yìí, kò sì sí nínú ti ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú gègé lónìí. Bí ọ̀rọ̀ mi bá korò lẹ́nu, kí ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin olùkọ́ wa forí jì mí.

Ọmọ Ọ̀rà ni mí, Ọ̀rà ti Ìgbómìnà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ifẹ́dayọ̀, níbi tí Akẹ́sìn ti ń jọba, tí kò jìnnà sí Òkè-Ìlá àti Ìlá-Ọ̀ràngún. Ìmọ̀ èdè ni mo ń kọ́. Nígbà tí ó kàn mí láti yan orí-ọ̀rọ̀ fún iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi, mo ní ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ìyá wa ní Ọ̀rà ni n ó kọ lé lórí, nítorí pé àwọn tó ṣì ń sọ ọ́ bí wọ́n ti bá a lẹ́nu ìyá tiwọn ń dínkù lọ́dọọdún. Olùkọ́ mi ní ó dára, ṣùgbọ́n kí n kọ́kọ́ lọ wá ohun tí àwọn aṣáájú ti kọ. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Mo jókòó ti ẹ̀rọ, mo tẹ "Ora". Ẹ̀rọ da ìwé sílẹ̀ bí ẹni da àgbàdo. Àwọn kan jẹ́ ti àwọn ará Ora ní ìpínlẹ̀ Ẹdó, ènìyàn iyì ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ará ilé mi. Òmíràn jẹ́ ti èdè Ítálì, níbi tí "ora" ti túmọ̀ sí wákàtí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, "oral" ni ẹ̀rọ rí nínú wọn, ó sì rò pé mo ti gbàgbé lẹ́tà kan ni. Mo ní kò burú, kí n kúkú wá Ìlá, ìlú ńlá tó wà nítòsí wa. Mo tẹ "Ila". Ẹ̀rọ gbé ilá ọbẹ̀ fún mi, ó gbé ìlà ojú fún mi, ó sì wá gbé àwọn ènìyàn kan fún mi ní Zambia tí wọ́n ń jẹ́ Ila, tí òyìnbó méjì, Smith àti Dale, kọ ìwé ńlá lé lórí ní 1920. Mo ka díẹ̀ nínú ìwé náà, ó sì dùn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni mo wá lọ.

Mo wá fi àmì sí i bó ti tọ́ àti bó ti yẹ: Ọ̀rà. Ẹ̀rọ ní òun kò rí nǹkan kan.

Kí ẹni tó bá ń rò pé ọ̀ṣọ́ lásán ni àmì ohùn gbọ́ èyí. Àwọn tó pín nọ́ńbà fún lẹ́tà gbogbo ayé nínú kọ̀ǹpútà, ètò tí à ń pè ní Unicode, fún ẹ àti ọ ní nọ́ńbà tiwọn. Ṣùgbọ́n ọ tó gbé àmì ohùn lérí kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. A ní láti to ọ̀kan lé èkejì. Ẹnìkan yóò fi kókó sábẹ́ lẹ́tà, ẹlòmíràn yóò fi ìlà kékeré. Lójú ènìyàn, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Lójú ẹ̀rọ, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Bí ẹni tó kọ orúkọ ìwé sínú àkójọ bá ṣe é lọ́nà kan, tí ẹni tó ń wá a ṣe é lọ́nà mìíràn, àwọn méjèèjì lè máà pàdé láé. A lè kọ́ ẹ̀rọ kí ó mọ̀ pé ọ̀kan ni wọ́n, iṣẹ́ náà kò tilẹ̀ ṣòro. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà dùn ni kì í sí nínú yàrá tí wọ́n ti ń pinnu irú ẹ̀rọ tí a ó rà.

Ní ìgbẹ̀yìn, ènìyàn ló gbà mí. Ní ilé-ìkàwé kan tí n kò ní dárúkọ, bàbá kan tí ó ti ń to ìwé láti ìgbà tí a kò tíì bí mi gbọ́ bí mo ti ń ráhùn. Ó ní, "Ọmọ Ìgbómìnà ni ọ́? Ẹnìkan láti ẹ̀gbẹ́ yín kọ nǹkan bẹ́ẹ̀ rí. Èèpo rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ ewé." A sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá ìsàlẹ̀, a gbé páálí, a tún páálí gbé, a sì rí i. Ẹ̀ka-èdè agbègbè wa ni obìnrin náà kọ lé lórí, gbogbo rẹ̀ ní èdè Yorùbá, ó sì fi gègé fa àmì ohùn lé lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan nítorí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ìgbà náà kò lè ṣe é. Ikán ti jẹ orí kẹta tán. Nínú orí kẹrin, ìdajì ojú ìwé ló kù ní ibi púpọ̀. Mo wá obìnrin náà rí, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Ó ní ẹ̀dà tòun sọnù nígbà tí òun kó kúrò nílé kan sí òmíràn, òun sì ti ń rò pé ó kéré tán, ti yunifásítì wà níbẹ̀ láìléwu. N kò mọ bí mo ṣe máa sọ ti ikán fún un. Mo sọ ọ́ ṣá.

Lókè yàrá ìsàlẹ̀ yẹn, ẹ̀yin ènìyàn mi, gbọ̀ngàn kan wà tí wọ́n kọ "E-Library" gàdàgbà sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Kọ̀ǹpútà tò lọ ràbàtà níbẹ̀, ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ lù wọ́n. Ọ̀nà àtẹ̀gùn kan ṣoṣo ló wà láàárín ẹ̀rọ wọ̀nyẹn àti páálí yẹn, kò sì sí ẹni tó gun ún.

Àwọn àgbà wa ní Ogbó, àdá tí Odùduwà fún Ọ̀ràngún, ni ó mọ ọ̀nà tí ó sì mú wọn dé ilé, òun la sì ń jẹ́ ní Ìgbómìnà títí di òní. Àdá tuntun yìí mọ ọ̀nà Lọ́ńdọ̀nù, ó mọ ọ̀nà Amẹ́ríkà, ọ̀nà Ọ̀rà ni kò mọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́. N kò sí lára àwọn tó ń sọ pé íntánẹ́ẹ̀tì ló sọ akẹ́kọ̀ọ́ di ọ̀lẹ. Ọ̀lẹ ti wà kí iná mọ̀nàmọ́ná tó dé. Nígbà tí àwọn olùkọ́ wa daṣẹ́ sílẹ̀ ní 2022 fún oṣù mẹ́jọ, Ọ̀rà ni mo wà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì, n kò ní ìwé kankan lọ́wọ́. Inú fóònù, lábẹ́ igi kan tí nẹ́tíwọ̀kì ti ń dé dáadáa, ni mo ti ka ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, láìsan kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni àfi owó dátà. Ẹ sì mọ ìtàn ìwé náà. Ní 1897 ni àlùfáà yìí parí rẹ̀ ní Ọ̀yọ́. A fi ránṣẹ́ sí ìlú òyìnbó fún títẹ̀, ó sì sọnù síbẹ̀. Johnson kú ní 1901, kò fojú kàn án. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó jókòó ti àkọsílẹ̀ tí ó fi sílẹ̀, tí ó tún un kọ, kí a tó tẹ̀ ẹ́ ní 1921. Ìwé tó ti kú lẹ́ẹ̀kan rí, ó wá di ohun tí ọmọ Ọ̀rà ń kà lábẹ́ igi. Ta ni yóò rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tí yóò bú íntánẹ́ẹ̀tì?

Bẹ́ẹ̀ ni n kò ní í sunkún lórí àpótí káàdì àtijọ́, nítorí òun náà kì í ṣe tiwa. Ètò tí Melvil Dewey gbé jáde ní 1876 láti fi pín ìwé, ó fún èdè Gẹ̀ẹ́sì ní odidi 420 títí dé 429, ó wá fún èyí tó pọ̀ jù nínú èdè Áfíríkà ní 496 kan ṣoṣo kí wọ́n há ara wọn mọ́ ibẹ̀. Ní 496.333 ni Yorùbá ń gbé, nínú yàrá ẹ̀yìnkùlé, pẹ̀lú gbogbo mílíọ̀nù wa. Òfin 1950 sì ní kí a máa kó ẹ̀dà ohun tí a bá tẹ̀ ní Nàìjíríà wá sí ilé-ìkàwé Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì Ìbàdàn, èyí tí à ń pè ní Kenneth Dike lónìí. Òfin rere ni, ṣùgbọ́n ìwé títẹ̀ ló bá wí. Iṣẹ́ àpilẹ̀kọ akẹ́kọ̀ọ́, tí a kì í tẹ̀ fún títà, kò sí nínú rẹ̀. Bí ikán bá jẹ ẹ̀dà ilé-ìwé rẹ̀, ó parí.

Ẹ wá wo bí a ti ń náwó. Ní 1978, John Pemberton kọ àpilẹ̀kọ kan lórí egúngún Ìgbómìnà sínú ìwé àtìgbàdégbà African Arts ní Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ gidi ni, òun àti Fúnṣọ́ Afọláyan sì tún kọ odidi ìwé lórí ipò ọba ní Ìlá ní 1996. Ẹni tó bá fẹ́ ka ti egúngún yẹn lórí ẹ̀rọ, JSTOR ni yóò gbà kọjá, bí ilé-ìwé rẹ̀ bá ti sanwó tàbí bí òun fúnra rẹ̀ bá forúkọ sílẹ̀ kí wọ́n lè bu díẹ̀ fún un lóṣooṣù. N kò bínú sí Pemberton. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé egúngún wa lo jó, baba wa ló sọ̀tàn, àwa ni a sì ń wá káàdì ìwọlé kiri. Àwọn olùkọ́ wa pẹ̀lú ń ṣe bẹ́ẹ̀: wọn a kọ iṣẹ́ lórí Yorùbá, wọn a fi ránṣẹ́ sókè òkun nítorí ìgbéga, ilé-ìkàwé wọn a sì tún fowó rà á padà. A fi iṣu wa tọrẹ, a ń ra iyán rẹ̀.

Àwọn aláàánú wà o. Àwọn àjọ àgbáyé ṣílẹ̀kùn HINARI fún àwọn oníṣègùn ní 2002, wọ́n ṣí AGORA fún àwọn àgbẹ̀ ní 2003. Ti àyíká tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ti àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ, lẹ́yìn náà ti òfin. Akẹ́kọ̀ọ́ èdè lè yọjú láti ojú fèrèsé ọ̀kan nínú wọn, ṣùgbọ́n a kò ṣí ilẹ̀kùn kan ní orúkọ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá sí ibi tí ó dùn mí jù. Ẹ̀rọ tí ọ̀pọ̀ ilé-ìkàwé yunifásítì wa fi ń to ìwé, Koha ni orúkọ rẹ̀. Ilé-ìkàwé kékeré kan ní New Zealand ló ní kí wọ́n ṣe é ní 1999, ó sì jẹ́ ọ̀fẹ́ fún gbogbo ayé. "Koha", ọ̀rọ̀ èdè Māori ni, ẹ̀bùn ni ó túmọ̀ sí. Nínú ètò ìkànìyàn 2023, àwọn Māori ìlú wọn kò pé mílíọ̀nù kan. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sí ẹnu ọ̀nà ilé-ìkàwé ayé, a sì ń gba ibẹ̀ wọlé. Ẹnikẹ́ni tó bá yọ̀ǹda ara rẹ̀ ló lè tú ọ̀rọ̀ inú ẹ̀rọ náà sí èdè tirẹ̀. Mélòó nínú àwa tí à ń jókòó ní ìpàdé yìí, tí à ń fọ Yorùbá ìjìnlẹ̀ bí ẹni ń da omi, ni ó ti gbìyànjú?

Ọ̀gbẹ́ni tó na fóònù sókè gbàgbé nǹkan mìíràn. Ní 14 oṣù kẹta 2024, wáyà tó gba abẹ́ òkun kọjá já nítòsí Abidjan, mẹ́rin pa pọ̀, ilé-ìkàwé inú fóònù sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn láti Gánà dé Nàìjíríà. Ní oṣù kẹwàá 2023, ọlọ́ṣà orí ẹ̀rọ wọ British Library ní Lọ́ńdọ̀nù, ó di oṣù kìn-ín-ní 2024 kí àkójọ ìwé wọn tó tún yọjú. Ní oṣù kẹwàá 2024, wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún Internet Archive, ibi tí mo ti ka Johnson. Ní oṣù kìn-ín-ní 2025 sì ni àjọ tó ń bójútó ọ̀rọ̀ fóònù nílùú wa gba àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù láyè láti fi tó ìdá 50 nínú 100 lé owó wọn. Ẹni tó bá kó gbogbo ìwé rẹ̀ sí ilé onílé, kí ó mọ̀ pé onílé lè jáde, olè sì lè wọlé. Ìwé kan níbí, ẹ̀dà rẹ̀ kan lórí ẹ̀rọ wa, òmíràn lórí ẹ̀rọ ẹlòmíràn: ohun tí mò ń sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nítorí náà mo ń bẹ àwọn alábòójútó ilé-ìkàwé wa, mo sì ń bá wọn jà: kí ẹ tó tún ra kọ̀ǹpútà kan sí i, ẹ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá ìsàlẹ̀. Ẹ gba ẹnìkan tó gbọ́ Yorùbá sẹ́nu iṣẹ́ àkójọ, tí yóò kọ orúkọ ìwé pẹ̀lú àmì, tí yóò sì tún kọ ọ́ láìsí àmì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ẹni tí fóònù rẹ̀ kò ní àmì lè rí i. Iṣẹ́ àpilẹ̀kọ tí a bá kọ ní Yorùbá ni kí ẹ kọ́kọ́ yà sórí ẹ̀rọ, kí ti Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀lé e. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ má ṣe gba iṣẹ́ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ mọ́ láìgba ẹ̀dà tó wà lórí ẹ̀rọ pẹ̀lú rẹ̀.

Àwọn kan yóò ní, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ńkọ́? Kí ni tiwa? Obìnrin tó kọ ìwé aláwọ̀ ewé yẹn ti fọwọ́ sí i pé kí n tún un tẹ̀. Ìwé rẹ̀ kò ṣeé yà kí ẹ̀rọ sì kà á fúnra rẹ̀, nítorí ẹ̀rọ kì í mọ àmì tí a fi gègé fà. Ọwọ́ ni a ó fi tẹ̀ ẹ́. Mo ti tẹ ojú ìwé 21. Èyí tí ikán kò jẹ ṣì kù 60 ó lé díẹ̀, obìnrin náà sì ní bí òun bá gbọ́ èyí tó ṣẹ́kù, òun lè rántí púpọ̀ nínú orí kẹta. Yàrá ìpàdé ẹgbẹ́ wa ni mò ń jókòó sí ní gbogbo ọjọ́ Sátidé láti aago mẹ́rin. Ẹni tó bá mọ àmì ohùn, kí ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ dání. Ọ̀gbẹ́ni tó na fóònù sókè, mo ti fi àyè kan sílẹ̀ fún un.