Ẹ Jẹ́ Kí Ìyá Ọmọ Sùn

Ẹ̀yin ará ilé, ọmọ tuntun a máa mu ọmú ní ìgbà 8 sí 12 láàárín wákàtí 24. Ìyá ni ó ń bá a jí lóru. Bí ilẹ̀ bá mọ́, àlejò a dé pẹ̀lú ọṣẹ àti àdúrà, abiyamọ a tún dìde. Èmi kò ka èyí sí ìwà ọmọlúàbí. Lẹ́yìn ìkúnlẹ̀ tèmi, ẹkún ọmọ ń dún létí mi nígbà tí ọmọ ń sùn. Abiyamọ tí kò rí oorun sùn lè sùn lọ lórí àga tìmùtìmù pẹ̀lú ọmọ láyà, kí èémí ọmọ sì dí. Baba ọmọ, ẹ gbà á bí ó bá mu ọmú tán. Bí ọmọ bá ń sùn tí oorun kò kun ìyá rárá, ẹ tètè mú un lọ sí ilé ìwòsàn.