Kí ẹ tó ní kí wọ́n yọ eyín yín

Eyín tó ń dun ènìyàn kì í jẹ́ kí ó ro èrò méjì. Bí a bá dé iwájú dókítà eyín, gbólóhùn kan ṣoṣo ló máa ń jáde lẹ́nu wa: "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yọ ọ́." Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jẹ́ kí a jọ yẹ gbólóhùn yìí wò. Ní èrò tèmi, kì í ṣe òun ló yẹ kí a kọ́kọ́ sọ. Bí ìrora náà ṣe rí ló yẹ kí a kọ́kọ́ sọ, nítorí ibẹ̀ ni dókítà ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í pinnu ohun tí yóò ṣe.

Ẹ wo ọ̀pẹ, tí a ń gbìn láti Ṣàkẹ́tẹ́ títí dé Ìpòbẹ́. Bí imọ̀ ọ̀pẹ bá ń gbẹ, àgbẹ̀ tó mọṣẹ́ kì í sáré mú àáké. Yóò wo ìdí rẹ̀, yóò wo ọ̀gọ̀mọ̀ rẹ̀, yóò bi ara rẹ̀ léèrè bóyá igi náà ṣì lè so. Ọ̀pẹ tí a bá gé, a lè gbin òmíràn sípò rẹ̀. Eyín àgbà tí a bá yọ, òmíràn kì í hù mọ́.

Báwo ni eyín ṣe ń bàjẹ́? Àwa Yorùbá máa ń sọ pé kòkòrò ló ń jẹ ẹ́. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n kòkòrò yìí kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá fi èéfín fín ẹnu yín, tí ó wá fi ìdin hàn yín nínú àwo pé inú eyín yín ló ti jáde, ẹ má gbà á gbọ́. (Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí yóò bí àwọn kan nínú.) Àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ìn wọ̀nyí ń jẹ ṣúgà tó ṣẹ́kù sí wa lẹ́nu, wọ́n sì ń ṣe omi kíkan jáde. Omi kíkan náà ni ó ń jẹ ara eyín díẹ̀díẹ̀. Ìta eyín le bí òkúta, kò sì ní ìmọ̀lára. Abẹ́ rẹ̀ rọ̀ díẹ̀. Ní àárín gbùngbùn ni iṣan àti ẹ̀jẹ̀ wà, ibẹ̀ sì ni ẹ̀mí eyín wà. Bí ihò náà ṣe jìn tó ni iṣẹ́ dókítà yóò ṣe pọ̀ tó.

Nítorí náà ni dókítà fi máa ń béèrè ọ̀rọ̀ tó dà bí ọ̀rọ̀ lásán. Ṣé omi tútù ló ń mú un dùn yín? Bí ẹ bá gbé omi náà mì, ṣé ìrora náà ń lọ lójú ẹsẹ̀? Bí ó bá ń lọ kíá, ó ṣeé ṣe kí ihò náà má tíì dé ibi iṣan. Dókítà lè fọ ihò náà kí ó sì dí i, ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀kọ gbígbóná bá ń mú un dùn, tí ìrora náà kì í tètè lọ, tàbí tí ó ń jí yín lóru láìsí ohun tó kàn án, iṣan inú rẹ̀ ti ń ṣàìsàn nìyẹn. Dídí nìkan kò tó mọ́. Dókítà ní láti ṣí eyín náà, kí ó yọ iṣan tó ti bàjẹ́, kí ó wẹ inú gbòǹgbò rẹ̀ mọ́, kí ó sì dí i pa. Bí èyí kò bá ṣeé ṣe, yíyọ ló kù.

Ibì kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Eyín á dùn wọ́n fún ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà á dákẹ́. Wọ́n á ní ó ti san. Kò san rárá! Lọ́pọ̀ ìgbà, iṣan náà ló ti kú. Òkú kì í sunkún. Àìsàn náà yóò máa bá iṣẹ́ lọ ní ìdí gbòǹgbò, ọyún yóò sì gbá jọ síbẹ̀. Ẹni tí ó bá padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà pẹ̀lú ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ dín ohun tí dókítà lè ṣe kù.

Hóró oògùn tí a ń rà ní ojú ọ̀nà wà lára ohun tó ń fa ìdádúró yìí. Ní ọdún 2017 ìjọba kó àwọn tó ń ta irú oògùn bẹ́ẹ̀ ní Ajégúnlẹ̀, ní Kútọnu, síbẹ̀ a ṣì ń rí ẹni tó ń tà á. Oògùn kò lè dí ihò. Ó lè pa ìrora lójú fún ìgbà díẹ̀, kí ihò náà sì máa jìn sí i. Omi bátìrì tàbí epo pẹtiróòlù tí àwọn mìíràn ń kán sí eyín burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ó ń jó ẹran ẹnu. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá wú tí ara sì gbóná, tí ẹnu kò ṣeé yà dáadáa, tí itọ́ ṣòro láti gbé mì, tàbí tí wíwú náà ń lọ sí ojú tàbí sí ọrùn, ẹ má dúró de ọ̀la. Ẹ gun zémìjàn lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kódà bí ó jẹ́ òru. Ó lè dí ọ̀nà mímí, ó sì lè pa ènìyàn.

Lẹ́yìn ìbéèrè, dókítà yóò wo ẹnu. Yóò rọra kan eyín náà, yóò mì í wò bóyá ó ń yẹ̀. Bí ohun èlò bá wà, yóò ya fọ́tò tí a ń pè ní ràdíò, kí ó lè rí gbòǹgbò àti egungun tó dì í mú. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ara eyín tó kù lókè ẹran ìdí rẹ̀ tó ohun tí a lè tún ṣe. Eyín tí gbòǹgbò rẹ̀ ti là, tàbí tí egungun ìdí rẹ̀ ti jẹ tán, ìtọ́jú kò lè gbà á mọ́, kò sì sí ìtìjú nínú kí a yọ ọ́.

Yóò tún wo ẹni tó ni eyín. Ẹ sọ fún un bí ẹ bá lóyún, bí ẹ bá ní àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìsàn ọkàn, tàbí bí ẹ bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Ẹ má fi pamọ́. Ó lè yí ọjọ́ iṣẹ́ náà padà, tàbí irú abẹ́rẹ́ tí yóò lò.

Ẹ̀yin ìyá, ọ̀rọ̀ yín wà níbí. Eyín ńlá kan máa ń hù ní ẹ̀yìn àwọn eyín ọmọdé nígbà tí ọmọ bá tó ọdún 6. Eyín kankan kì í ká kí ó tó hù, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi rò pé eyín ọmọdé ni. Wọ́n á ní, "Bí ó bàjẹ́, yóò ká." Kò ní ká o! Ti àgbà ni, òun náà ni ọmọ yóò fi jẹun títí di ogbó. Eyín ọmọdé gan-an, dókítà kì í kàn yọ ọ́ bí àkókò tí yóò ká bá ṣì jìn, nítorí ó ń di ààyè mú fún èyí tó ń bọ̀.

Àwọn dókítà fúnra wọn ti kọ́ láti fa ọwọ́ wọn sẹ́yìn. Ẹ wo eyín ìkẹyìn tó máa ń hù nígbà tí ènìyàn bá ti ń di àgbà. Nígbà kan, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n máa ń yọ ọ́ kódà nígbà tí kò dun ẹni tó ni ín. Ní ọdún 2000, àjọ tó ń tọ́ àwọn dókítà ìjọba wọn sọ́nà ní kí wọ́n má yọ èyí tí kò ní àìsàn mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́. Ohun tí dókítà pinnu sinmi lé ohun tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ pẹ̀lú. Púpọ̀ nínú àwọn dókítà eyín wa wà ní Kútọnu. Ibi tí kò bá ti sí ẹ̀rọ, yíyọ nìkan ni ó ń kù. Kò yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún 1985 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà kan ní Tàǹsáníà: irinṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n fi ń há ibi tó jẹrà nínú eyín kúrò, láìsí iná mànàmáná, wọ́n á sì fi àpòpọ̀ kan tó ń lẹ̀ mọ́ eyín dí i. OMS, Àjọ Ìlera Àgbáyé, gbé ọ̀nà náà lárugẹ ní ọdún 1994. Ní ọdún 2021 ó fi àpòpọ̀ náà sínú ìwé oògùn tó pọn dandan. Èrò tèmi ni pé ó yẹ kí ó wà ní gbogbo ilé ìwòsàn kọmúùnù wa, ó sì yẹ kí a máa bi àwọn aláṣẹ léèrè rẹ̀ ní ìpàdé.

Títí di ìgbà náà, ẹ sọ ọ̀nà yín àti àpò yín fún dókítà. Wíwẹ inú gbòǹgbò lè gba kí ẹ lọ nígbà méjì tàbí mẹ́ta. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tí kò padà lọ yóò pàdánù owó, yóò sì pàdánù eyín. Ẹ béèrè pé: eélòó ni gbogbo rẹ̀, ẹ̀ẹ̀melòó ni mo máa wá, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí mo bá dá a dúró? Bí ọjọ́ tó dá fún yín bá bọ́ sí ọjọ́ ọjà, ẹ sọ ọ́ níbẹ̀, kí ó dá òmíràn fún yín.