Afóká níbi àpèjẹ ọmọ ilé-ìwé

Nígbà tí ọdún ilé-ìwé bá ń parí lọ, tí àwọn ọmọ fẹ́ ṣe àjọyọ̀, orí bisikíìtì àti ohun mímu inú ìgò ni owó tí àwọn òbí dá máa ń lọ. Àwọn mìíràn a tilẹ̀ yá owó kí ojú má baà ti ọmọ wọn láàárín ẹgbẹ́. Lọ́jọ́ náà gan-an, máńgòrò ń jẹrà lábẹ́ igi lẹ́yìn ilé-ìwé. Èyí kò dára. Àpèjẹ tí èso ilẹ̀ yìí wà níbẹ̀ sàn ju èyí tí gbogbo rẹ̀ ti inú páálí jáde.

Ohun kan wà tí ọmọ CM2 lè bá wọn ṣe, tí kò nílò iná rárá: afóká títẹ̀ tí a po èso mọ́. Afóká yìí ni àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní píà. Àwọn àgbà kan á ní oúnjẹ òyìnbó ni. Rárá o! Kí ọkọ̀ òyìnbó tó gúnlẹ̀ sí Mẹ́síkò ni àwọn ará ibẹ̀ ti ń tẹ afóká nínú odó òkúta, bí àwọn ìyá ní Kétu ṣe ń lọ ata lórí ọlọ. Òdì-kejì òkun kan náà ni àgbàdo, ẹ̀gẹ́, tòmáàtì àti ìbẹ́pẹ ti wá. Ta ló ń pe ẹ̀kọ ní oúnjẹ àlejò lónìí?

Afóká kì í rọ̀ lórí igi; ẹ̀yìn tí wọ́n bá ká a ni ó ń rọ̀. Nítorí náà, kí wọ́n rà á ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú. Bí ó bá le jù, kí wọ́n dì í sínú bébà pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó ti pọ́n, yóò tètè rọ̀.

Afóká 2, máńgòrò 1, ìlàjì ọ̀pẹ̀ òyìnbó kékeré, àlùbọ́sà díẹ̀, ọsàn wẹ́wẹ́ 1 àti iyọ̀ ṣíún ti tó. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó Àlàdá dára fún un. Èèpo rẹ̀ lè má tíì pupa kí inú rẹ̀ sì ti pọ́n, nítorí náà imú ni kí wọ́n fi yẹ̀ ẹ́ wò, kì í ṣe ojú. Kí wọ́n fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Kí wọ́n fọ èso kí wọ́n tó bó o, torí ọ̀bẹ máa ń ti ìdọ̀tí ara èèpo wọ inú. Àgbàlagbà ni kó di ọ̀bẹ mú. Àwọn ọmọ ni kó fi ṣíbí tẹ afóká. Ẹni tó bá lọ̀ ọ́ kúnná bí ògì ti bà á jẹ́: eyín gbọ́dọ̀ bá èso pàdé. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Afẹ́fẹ́ ló ń mú inú afóká dúdú, kíkan ọsàn ló sì ń dá a dúró díẹ̀. Òwúrọ̀ ọjọ́ àpèjẹ ni kí wọ́n ṣe é. Ṣúgà ńkọ́? Máńgòrò ti ṣe iṣẹ́ yẹn.

Ìpékeré ni wọn yóò fi máa bù ú jẹ, kí wọ́n sì bu ti ọmọ kọ̀ọ̀kan sórí ewé tirẹ̀.

Ní Àjàṣẹ́, ọjà ni ọ̀pọ̀ yóò ti ra èso wọ̀nyí, owó yóò sì lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ìyá ọlọ́jà tí ọmọ tirẹ̀ jókòó ní kíláàsì kan náà ni owó ọ̀hún yóò bọ́ sí.