Òfin Oògùn: Ẹ Sún Ẹni Tó Ní Àṣẹ Mọ́ Aláìsàn

Ẹ̀sùn tí àwọn èèyàn wa ní London máa ń fi kan dókítà ni pé kì í tètè fúnni ní áńtíbáyọ́tíìkì, bẹ́ẹ̀ òfin ibẹ̀ kò jẹ́ kí kẹ́míìsì tà á fún ẹni tí kò ní ìwé oògùn. Wọn a wá máa bẹ ẹni tó ń bọ̀ láti Ìbàdàn pé kó bá wọn ra amoxicillin dání. Ṣùgbọ́n òfin Nàìjíríà níbí náà sọ ohun kan náà: kò fún oníṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì àdúgbò láṣẹ láti ta áńtíbáyọ́tíìkì, oògùn wẹ́wẹ́ nìkan ló lè tà, nínú páálí tí iléeṣẹ́ fi dì í. Ẹ dé ìdí káńtà kẹ́ ẹ wò ó. Ọlọ́jà á fi sísọ́ọ̀sì gé káàdì oògùn, á ka kápúsù mẹ́rin fún oníbàárà, ọjọ́ tí oògùn máa bàjẹ́ á sì kù sára èyí tó dá padà sínú páálí. Iye owó ọwọ́ oníbàárà ló pinnu iye tó máa lò, àìsàn rẹ̀ kọ́.

Ewu rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Bí oògùn kò bá tó, kòkòrò tó lágbára jù ló máa ń ṣẹ́ kù, òun ló sì máa ń bí sí i. Alexander Fleming tó ṣàwárí penicillin ti kìlọ̀ èyí lọ́dún 1945, nígbà tó gba ẹ̀bùn Nobel. Àwọn onímọ̀ ṣírò rẹ̀ pé lọ́dún 2019, kòkòrò tí kò gbóògùn mọ́ pa èèyàn bíi 1,270,000 lágbàáyé. Tí a bá fi iye olùgbé wò ó, agbègbè Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tiwa ló ti ṣọṣẹ́ jù.

Ẹnìkan á ní: abúlé tí kò ní dókítà ńkọ́? Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, mi ò sì ní fojú di í. Bí a bá ti ṣọ́ọ̀bù pa láìfi nǹkan kan rọ́pò rẹ̀, ìyà la fi jẹ aláìsàn. Àmọ́ Ìlú Ọba pàápàá kò fi gbogbo àṣẹ sọ́wọ́ dókítà. Láti ọdún 2006 ni nọ́ọ̀sì àti apòògùn tó gba ẹ̀kọ́ àfikún ti lè kọ ìwé oògùn fúnra wọn. Láti January 31, 2024, apòògùn ní England lè tọ́jú àìsàn méje, bí ọ̀nà ọ̀fun dídùn àti àrùn ilé ìtọ̀ obìnrin, láìjẹ́ pé aláìsàn kọ́kọ́ rí dókítà. Ìlànà tó wà nílẹ̀ ló ń sọ ẹni tí oògùn tọ́ sí àti ẹni tí wọ́n gbọ́dọ̀ darí sí ilé ìwòsàn. Àṣẹ gbòòrò, ìmọ̀ kò dínkù. Irú rẹ̀ ló yẹ kí ìjọba wa ṣe: kí wọ́n kọ́ nọ́ọ̀sì àti àwọn oníṣọ́ọ̀bù abúlé, kí wọ́n fún ẹni tó yege láṣẹ, kí wọ́n sì máa ṣọ́ ọ.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní England, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rán ẹnikẹ́ni ní amoxicillin mọ́. Ẹ lọ bá apòògùn àdúgbò yín.