Èsì Lórí Owó Oṣù Àwọn Akọ̀wé Ìmọ̀-Ẹ̀rọ

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹni tó kọ̀wé sí yín pé ebi ni iṣẹ́ akọ̀wé ìmọ̀-ẹ̀rọ yóò fi pa ọmọ ẹni ní Niamey, ìlú etí odò Ọya yìí, gbàgbé pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Láti 1974 tí ọ̀dá Sàhẹ́lì ti bí AGRHYMET, ibùdó ìmọ̀ ojú ọjọ́ fún iṣẹ́ àgbẹ̀, síhìn-ín ni wọ́n ti ń wá ẹni tí yóò sọ mìlímítà òjò di ìmọ̀ràn tí àgbẹ̀ oníjéró lè fi gbin oko. Àmọ́ lábẹ́ orúkọ onímọ̀ ojú ọjọ́ ni irú akọ̀wé bẹ́ẹ̀ sábà ń gbowó. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí iṣẹ́ akọ̀wé ìmọ̀-ẹ̀rọ ti ní orúkọ tirẹ̀, ìdajì àwọn tó ń ṣe é ní 2023 ló gbà ju dọ́là 80,050 lọ lọ́dún. Ẹ̀yin ọ̀gá iléeṣẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún akọ̀wé yín ní ipò àti owó tirẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọmọ Yorùbá kan ní Niamey