Ilé La Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde

Láàárín àwọn ọmọ wa ní Manchester níbí, a rí àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì. Ohun tí àwa ń pè ní T.P. nílé, placement ni wọ́n ń pè é níhìn-ín. Òun la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lọ́tẹ̀ yìí, nítorí pé àwa fúnra wa ti ṣàṣìṣe níbẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣe T.P. ní Nàìjíríà ò ní gbàgbé. Ẹ ó ru kádíbọ́ọ̀dù tẹ́ ẹ fi ya àwòrán, ẹ ó gbé nóòtì ẹ̀kọ́ dání, ara á sì máa gbọ̀n nígbà tí alábòójútó bá jókòó sẹ́yìn kíláàsì. Bó bá ti lọ, ara tuni nìyẹn. Níhìn-ín, kò rí bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ kan wà nínú ilé ẹ̀kọ́ náà tí wọ́n ń pè ní mẹ́ńtọ̀. Òun ló ń tọ́ akẹ́kọ̀ọ́ sọ́nà, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n sì jọ ń jókòó sọ bí iṣẹ́ ṣe lọ.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n wa obìnrin kan wà lọ́dọ̀ wa nígbà tó ń ṣe PGCE. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ ku ọ̀la, a pè é jókòó, a gbà á nímọ̀ràn gẹ́gẹ́ bí àgbà: "Máa gbọ́ràn. Bí wọ́n bá ń bá ẹ wí, má fèsì. Má ranjú mọ́ ọ̀gá ẹ." Ó ní, "Mo gbọ́, sà. Ẹ ṣé, sà."

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹkún ló sun wọlé. Mẹ́ńtọ̀ rẹ̀ ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò fìfẹ́ hàn sí iṣẹ́, pé kì í béèrè nǹkan kan, pé bí òun bá ń bá a sọ̀rọ̀, ilẹ̀ ló máa ń wò. Ẹ ò rí nǹkan! Ohun tí a fi kọ́ ọ pé ìwà ọmọlúàbí ni, àìbìkítà ni wọ́n kà á sí. Mẹ́ńtọ̀ yẹn ò sì ṣìkà. Ohun tó rí ló kọ. Àwa la ṣi ọmọ lọ́nà.

A bẹ̀ ẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ìyá ilé wa ṣe bíi mẹ́ńtọ̀ ní pálọ̀, ọmọ jókòó níwájú rẹ̀, ó ń wojú rẹ̀, ó ń béèrè pé: "Ibo ni ẹ̀kọ́ mi ti já lónìí? Kí ni kí n ṣe lọ́nà mìíràn lọ́la?" Ẹ̀rín pa wá, ṣùgbọ́n ó wọlé sí i lára. Nígbà tó fi dé ilé ẹ̀kọ́ kejì, ìbéèrè mẹ́ta ló máa ń kọ sílẹ̀ kó tó lọ bá mẹ́ńtọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni mẹ́ńtọ̀ ọ̀hún kéré sí i lọ́jọ́ orí. Ó yege, olùkọ́ ni lónìí.

A ò ní kí ọmọ sọ ẹ̀kọ́ ilé nù o. Ìkúnlẹ̀ kíni ò gbọdọ̀ parẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa náà ló ní abèèrè kì í ṣìnà, àwọn náà ló ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè.

Níwọ̀n bó ti jẹ́ pé ìṣirò ni iṣẹ́ wa, ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀. Nínú ẹ̀kọ́ ọlọ́dún kan, ó kéré tán, 120 ọjọ́ ni akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ lò nínú ilé ẹ̀kọ́, ó kéré tán, méjì. Ọjọ́ 190 péré sì làwọn ọmọ ilé ìwé ń lò lọ́dún. Bí wọ́n bá gbé ọmọ tó ń gbé Moss Side lọ sí Rochdale tàbí Oldham, tó ń lo wákàtí kan ní àlọ, ọ̀kan ní àbọ̀, wákàtí 240 nìyẹn: ọ̀sán àti òru mẹ́wàá gbáko lórí ìjókòó bọ́ọ̀sì àti tíráàmù! A ò tíì ka ẹ̀kọ́ tó ń múra rẹ̀ sílẹ̀ lálẹ́. Nítorí náà, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru, kó dín in kù. Òbí tó bá lágbára, kó bá ọmọ san owó ọkọ̀. Kí ọmọ náà sì gba ọ̀nà yẹn lọ láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ kan ṣáájú. Ọ̀nà ọjọ́ Sunday kì í ṣe ọ̀nà ọjọ́ Monday.

Ẹ bá a tọ́jú ìwé rẹ̀ pẹ̀lú. Wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọ̀ DBS, tó rọ́pò CRB ní 2012. Wọ́n á béèrè gbogbo àdírẹ́sì rẹ̀ fún ọdún márùn-ún. Bí orúkọ inú páṣípọ́ọ̀tù bá yàtọ̀ sí ti ìwé báńkì, ẹ tètè tún un ṣe. Ẹni tó ti gbé òkè òkun lè nílò ìwé ọlọ́pàá láti ibẹ̀.

Ọ̀kan tó kù: bí ọmọ ilé ìwé kan bá sọ pé wọ́n ń fìyà jẹ òun, kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣèlérí pé òun á bò ó láṣìírí. Kó sọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an fún ẹni tí ilé ẹ̀kọ́ yàn fún ààbò ọmọ. Kí ó ti mọ ẹni náà láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Ẹ̀yin òbí, kí ọmọ tó jáde, ẹ jókòó tì í ní pálọ̀. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ fi yín kọ́ bí a ṣe ń béèrè. Ó dìgbà o.